Títí Ẹsẹ̀ Fi Tún Tẹ Maṣíìnì

Ojúgun ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ló kán nígbà tí ọ̀kadà gbé wa ṣubú. Télọ̀ ni mí. Ẹsẹ̀ yẹn gan-an ni mo fi ń tẹ maṣíìnì. Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ de P.O.P. fún, ìyẹn ẹfun tó ń le gbagidi yí ẹsẹ̀ tó kán ká, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ to ìrọ̀rí sábẹ́ ẹsẹ̀ títí yóò fi ga ju àyà yín lọ. Ẹ máa mi ọmọ ìka rẹ̀. Bí ìka bá tutù, tí ẹ ò mọ̀ ọ́n lára mọ́, tàbí tí ìrora ń le sí i lẹ́yìn tí ẹ ti loògùn, ẹ má dúró kílẹ̀ mọ́: ọsibítù lóru náà. Ẹ̀jẹ̀ lè má ráyè kọjá mọ́ nìyẹn. Ọparun tí teguntegun bá dì le jù náà léwu bẹ́ẹ̀.

Bó bá ń yún yín nínú, ẹ má ki ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́. Èmi ti ki ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́ rí, ó kán síbẹ̀. Wọ́n la P.O.P., wọ́n de òmíràn, mo tún sanwó.

Igi abíyá: àtẹ́lẹwọ́ ni kí ẹ fi gbára lé, kì í ṣe abíyá, kí apá má baà kú. Tí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó le ní í ṣíwájú. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, igi àti ẹsẹ̀ tó kán ni. Ẹ má sì tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ títí dókítà yóò fi wo ẹ́síréè.

Àwọn àlejò á ní kí ẹ máa jẹ ẹsẹ̀ màlúù kí tiyín lè jinná. Ó dùn lóòótọ́, àmọ́ ẹyin, ẹ̀wà, wàrà àti sáwá tí a jẹ teegunteegun ló wúlò jù. Kí ẹni tó ń mu sìgá fi í sílẹ̀; kì í jẹ́ kí eegun tètè so.

Oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ ni tèmi lò kí wọ́n tó tú u. Mo rò pé màá dìde jó ni! Ẹsẹ̀ tí mo rí tín-ín-rín bí ti lékeléke, awọ rẹ̀ ń bó, ọrùn ẹsẹ̀ ti gan. Ẹ má fi kànrìnkàn ha á. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti òrí ni.

Ibí niṣẹ́ wà gan-an. Wọ́n ní kí n máa tẹ ọrùn ẹsẹ̀ sókè sódò. Ọjọ́ kejì ló ti sú mi. Ni mo bá yọ bẹ́líìtì maṣíìnì, kò sówùú, kò sáṣọ, mo gbẹ́sẹ̀ lé pẹdà: gìgísẹ̀ wálẹ̀, ọmọ ìka wálẹ̀, ogún ìgbà láàárọ̀, ogún ìgbà nírọ̀lẹ́. Nígbà tí mo sọ fún ẹni tó ń tọ́jú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa bá a lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo dá bẹ́líìtì padà, mo rán àpò ìrọ̀rí kan. Ojú ìránṣọ rẹ̀ wọ́. Òun ni mò ń sùn lé títí dòní.