Kí Wọ́n Tó Fi Ẹ̀rọ VNS Sí Ọmọ Yín Láyà, Ẹ Ra Ìwé Kan

Oògùn 4 ni Àkànní ọmọ mi lò tí wárápá kò yé gbé e, kí dókítà rẹ̀ níbí ní London tó mẹ́nu ba VNS (vagus nerve stimulation), ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dín wárápá kù. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan ni. Abẹ́ awọ àyà òsì ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí, okùn rẹ̀ á gba abẹ́ awọ lọ sí ọrùn, á wé mọ́ iṣan vagus, iṣan tó ń gbé ìròyìn láàárín ara àti ọpọlọ. Bí wọ́n ṣe sábà ń ṣètò rẹ̀, á fi iná díẹ̀ ta iṣan náà fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, á sinmi fún ìṣẹ́jú 5, tọ̀sán-tòru.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé á ran ọmọ mi lọ́wọ́?" Ó ní kò sí àyẹ̀wò tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Bí ìdajì àwọn tó ń lò ó ni wárápá wọn ń dín sí ìdajì. Ìwọ̀nba ló ń dá fún pátápátá.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá iṣẹ́ abẹ orí ṣeé ṣe. Bí wọ́n bá rí ojú ibi tí wárápá ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọpọlọ tí wọ́n sì lè yọ ọ́, ìyẹn sábà ń ṣe dáadáa ju VNS lọ. Ẹ tún kíyè sí ọkàn ọmọ. Èmi a máa gbé àtẹ́lẹwọ́ lé Àkànní láyà bó bá ti ṣubú, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé. Àwọn ẹ̀rọ tuntun kan ń ṣọ́ irú ìyára bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì ta iṣan lójú ẹsẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà.

Ìwé wá ńkọ́? Oṣù 3 ṣáájú iṣẹ́ abẹ VNS ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ sínú rẹ̀: ọjọ́, aago, irú èyí tó gbé e, iye ìṣẹ́jú. Ẹ má ka ìṣubú pọ̀ mọ́ èyí tí ojú kàn là sílẹ̀ láìdáhùn. Mo kà wọ́n pọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó sì dùn mí, torí ìṣubú ló ń dín kù, n kò sì rí i.

Ìṣubú 24 lóṣù ni Àkànní ní kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ náà sí i. Lẹ́yìn oṣù 3, ó jẹ́ 21, mo sunkún. Lẹ́yìn ọdún kan, 11. Ìdajì 24 ni 12, ìdínkù náà ti kọjá ìdajì. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbé agbára iná rẹ̀ sókè, àǹfààní rẹ̀ sì lè máa pọ̀ sí i fún ọdún 1 sí 2, torí náà ẹ má fi oṣù àkọ́kọ́ ṣèdájọ́.

Bí Àkànní bá ń kàwé tí ẹ̀rọ ta, ohùn rẹ̀ á há, á tún là. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì lè dín iná kù. Ẹ má sì dá oògùn dúró fúnra yín.