Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Fífi Ẹjọ́ Afurasí Sun Alábòójútó

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Ẹni tí ó pa òwe yìí kò ṣe alábòójútó ẹgbẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì rí. Nínú iṣẹ́ tiwa, àbọ̀ ọ̀rọ̀ tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí wa lóru, àbọ̀ ni yóò ṣì jẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, kí a sì tó mọ ẹni tí ẹ ń bá wí, gbájú-ẹ̀ tí ẹ rí yóò ti gba owó lọ́wọ́ àwọn tí kò fura. Ó pẹ́ tí mo ti ń bójú tó àwọn ẹgbẹ́ lórí Telegram, WhatsApp àti Discord láìgba owó iṣẹ́, àwọn ará ilé mi sì ti gbà pé àìsàn kan ni. Àwọn oníjìbìtì kì í bí mi nínú tó bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ tiwọn ni wọ́n ń ṣe. Àwọn tí ń bí mi nínú ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ojú wọn ríran dáadáa, tí wọ́n rí ohun tí kò tọ́, tí wọ́n sì wá fi bí wọ́n ṣe fi ẹjọ́ sùn ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. N kò ní ṣàlàyé ibi tí bọ́tìnì ìfisùn wà; ẹ ti mọ ìyẹn.

Àṣìṣe kìíní ni "Ẹ bá wa wo ẹni yìí o." Gbogbo ìfisùn náà nìyẹn. Ta ni? Níbo? Nígbà wo? Kí ni ó ṣe gan-an? Ẹ fi gbólóhùn mẹ́rin dáhùn ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ó sì ti ṣe ju ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kọ̀wé sí mi lọ. Ẹ sì ya ohun tí ẹ fi ojú rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ẹ rò. "Ó ní kí n san owó sí àkáǹtì tí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀" jẹ́ ohun tí mo lè yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n "Olè ni, mo mọ irú wọn" kò fún mi ní ibi tí mo lè dì mú.

Èkejì, èyí tí ó ń gba oorun lójú mi jù lọ, ni àwòrán ojú fóònù tí wọ́n ti gé lókè, tí wọ́n tún gé nísàlẹ̀. Ẹnìkan fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi rí ní ọ̀gànjọ́ òru. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀: "Ẹ san owó yẹn kí n tó fi ọjà ránṣẹ́." Orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ kò sí níbẹ̀, ọjọ́ tí ó kọ ọ́ kò sí níbẹ̀, n kò sì mọ̀ bóyá inú gúrúùpù wa ni ó ti wá tàbí inú gúrúùpù ẹlòmíràn. Ohun tí mo rí kà dáadáa lórí àwòrán náà ni pé bátìrì fóònù ẹni tí ó yà á ti fẹ́ tán. Mo béèrè pé ta ni ó kọ ọ̀rọ̀ yìí, ó ní ẹni tí ó fi fọ́tò ọkọ̀ pupa sí ojú àkáǹtì rẹ̀ ni. Nígbà tí mo fi máa dé inú gúrúùpù, kò sí ọkọ̀ pupa kankan níbẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí èyí fi ń dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Orúkọ àti fọ́tò ni ohun tí ó rọrùn jù lọ fún oníjìbìtì láti pààrọ̀. Lórí Telegram, ènìyàn lè yí orúkọ rẹ̀ padà nígbà tí ó bá wù ú, títí kan èyí tí wọ́n ń fi àmì @ ṣáájú, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ìdánimọ̀ àkáǹtì náà, tí a ń pè ní ID, kì í yí padà. Bákan náà ni lórí Discord: ẹ tan Developer Mode nínú ètò áàpù náà, ẹ tẹ orúkọ ẹni náà mọ́lẹ̀, ẹ ó sì rí ibi tí ẹ ti lè ṣe ẹ̀dà ID rẹ̀. Ẹnìkan ti fi lẹ́tà I ńlá rọ́pò l kékeré nínú orúkọ alábòójútó ẹlẹgbẹ́ mi kan rí, ó sì ń fi orúkọ náà gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Lójú fóònù, orúkọ méjèèjì jọra bí ìbejì, kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀ wọn. ID ni ó tú àṣírí rẹ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, àwòrán kì í ṣe ẹ̀rí tí a kò lè yí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà lè ṣí irinṣẹ́ àyẹ̀wò tí ó wà nínú ẹ̀rọ ìwákiri rẹ̀, kí ó pààrọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó wà lójú ìwé, kí ó sì ya àwòrán rẹ̀ bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé líǹkì ọ̀rọ̀ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Lórí Reddit, Discord àti gúrúùpù ńlá Telegram, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní líǹkì tirẹ̀, títẹ̀ ẹ́ yóò sì gbé mi lọ tààrà sí ibi tí wọ́n ti sọ ọ́, pẹ̀lú ohun tí wọ́n sọ ṣáájú rẹ̀ àti èyí tí wọ́n sọ tẹ̀lé e. Bí ó bá jẹ́ pé ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti bá yín sọ̀rọ̀, níbi tí líǹkì kò ti lè ràn wá lọ́wọ́, ìgbà yẹn ni àwòrán wúlò, kí ó sì jẹ́ odindi: orúkọ lókè, ọjọ́ àti aago lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀, àti òmíràn tí ó fi ojú ìwé àkáǹtì ẹni náà hàn. Fídíò ojú fóònù tún dára jù ú lọ, nínú èyí tí ẹ ó ti ṣí àkáǹtì ẹni náà, tí ẹ ó sì lọ láti ibẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ tí ó kọ. Ẹ sì sọ aago ibi tí ẹ wà. Orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń gbé. "Aago méjì òru" tiyín lè jẹ́ ọ̀sán gangan lọ́dọ̀ mi, n ó sì máa wá ọ̀rọ̀ náà kiri níbi tí kò sí.

Ẹ̀kẹta ni kí ẹ máa pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ nítorí ìbínú, kí ẹ sì dínà mọ́ ẹni náà, kí ẹ tó rántí pé alábòójútó wà. Láti ọdún 2022, WhatsApp ti fún ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní àyè tí ó lé díẹ̀ ní ọjọ́ méjì láti pa á rẹ́ lójú gbogbo ènìyàn, nítorí náà ẹ̀rí tí ẹ kò bá tọ́jú lónìí lè ti lọ kí ó tó di ọ̀la. Ẹ tún ní láti mọ̀ pé fífi ènìyàn sun ilé iṣẹ́ WhatsApp yàtọ̀ sí fífi í sun alábòójútó gúrúùpù. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì ìfisùn lórí rẹ̀, ilé iṣẹ́ náà yóò gba ọ̀rọ̀ 5 tí ẹni náà fi ránṣẹ́ sí yín kẹ́yìn, wọn kò ní sọ fún ẹni náà pé ẹ fi òun sùn, àwa alábòójútó pàápàá kò sì ní gbọ́. Àwọn kan ti bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ pé mi ò ṣe nǹkan kan lórí ẹjọ́ tí wọn kò mú dé ọ̀dọ̀ mi.

Ẹ má sì kìlọ̀ fún afurasí. "Mo ti mọ̀ ọ́, n ó fi ọ́ sun ádímìn" kì í ṣe ìgboyà; ẹ ti sọ fún un pé kí ó tètè palẹ̀ mọ́ nìyẹn.

Èyí tí ó tún burú ju ìyẹn lọ ni kí a gbé ẹjọ́ sí ojúde, kí a fi fọ́tò ènìyàn hàn gbogbo ayé kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ìwádìí. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2013, bọ́ǹbù méjì bú gbàmù níbi eré ìje Marathon ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan lórí Reddit bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tí ó ṣe é nínú fọ́tò, wọ́n sì nàka sí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ti sọnù láti oṣù tí ó ṣáájú. Kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Àwọn ẹbí rẹ̀ tí wọ́n ń wá ọmọ wọn kiri ni wọ́n wá di ẹni tí àwọn àjèjì ń bú. Reddit tọrọ àforíjì ní gbangba ní ọjọ́ 22 oṣù náà, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n rí òkú ọmọ náà nínú odò. Àwọn tí ó ṣe èyí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n rò pé ìrànlọ́wọ́ ni àwọn ń ṣe ni. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi ẹjọ́ sùn kò tilẹ̀ ní láti dá a rárá. Ẹ mú un wá fún wa ní ìkọ̀kọ̀, kí a lè gbọ́ ti ẹnì kejì.

Mo rí i pé mo ti pa nọ́ńbà tí mo fi ń ka àwọn àṣìṣe náà tì. Ẹ jẹ́ kí a máa bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ń fi ẹjọ́ sun ẹni tí kì í ṣe alábòójútó. Lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti pariwo nínú gúrúùpù pé wọ́n lu òun ní jìbìtì, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi kàn sí i ní ìkọ̀kọ̀ pé òun ni ádímìn, pé òun fẹ́ bá a gba owó rẹ̀ padà, kí ó ṣáà fi nọ́ńbà 6 tí yóò wọlé sórí fóònù rẹ̀ ránṣẹ́ kí òun lè dá a mọ̀. Nọ́ńbà yẹn ni wọn yóò fi gba àkáǹtì rẹ̀. Kò sí alábòójútó tòótọ́ tí yóò béèrè rẹ̀ láé. Ẹ lọ wo orúkọ àwọn alábòójútó nínú àlàyé gúrúùpù fúnra yín, kí ẹ sì jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ kàn sí wa.

Àwọn tí ó fura pé ẹnìkan ṣoṣo ni ó ni àkáǹtì méjì a máa sọ fún wa pé, "Ẹ yẹ IP rẹ̀ wò, ẹ ó rí i pé ènìyàn kan náà ni." IP ni nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ènìyàn fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì. A kò rí IP ẹnikẹ́ni. Alábòójútó Discord kì í rí i, ti Reddit kì í rí i. Lórí Wikipedia pàápàá, níbi tí àwọn díẹ̀ tí wọ́n fọkàn tán ti ní irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní CheckUser, tí ó ń fi IP àkáǹtì hàn wọ́n, wọn kì í lò ó nítorí pé ẹnìkan kàn ń fura. Ẹni tí ó fi ẹjọ́ sùn ní láti kọ́kọ́ tọ́ka sí àwọn àtúnṣe tí ó fi hàn pé àkáǹtì méjèèjì ń ṣe bákan náà, ọjọ́ 90 péré ni àkọsílẹ̀ tí irinṣẹ́ náà ń yẹ̀ wò sì fi ń wà. Ohun tí ẹ̀yin rí ni ó wúlò fún wa: àṣìkọ kan náà tí ó ń jáde nínú ọ̀rọ̀ àkáǹtì méjèèjì, fọ́tò ọjà kan náà, èkejì tí ó máa ń sọ̀rọ̀ ní gẹ́lẹ́ nígbà tí èkíní bá dákẹ́ láti jẹ́rìí pé òun rà á, ó sì dára.

Ẹ má fi bọ́tìnì ìfisùn gbẹ̀san ìjà.

Ẹ má sì pe àwọn ọ̀rẹ́ yín jọ pé kí gbogbo yín fi ẹnìkan sùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìfisùn kan tí ó ní líǹkì nínú ń ṣe iṣẹ́ tí ọgọ́rùn-ún òfìfo kò lè ṣe. Ńṣe ni ọgọ́rùn-ún náà ń bo ẹyọ kan tí ó wúlò mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́ èyí kí ẹ wá dákẹ́ pátápátá. A ní ẹnìkan tí ń ta ọjà nínú gúrúùpù wa rí, tí ó ń gba owó ní ìkọ̀kọ̀ tí kì í sì í fi ọjà ránṣẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tú, ó hàn pé àwọn tí ó ti jẹ lówó kì í ṣe ẹnìkan tàbí ẹni méjì, olúkúlùkù wọn sì rò pé ẹlòmíràn yóò ti sọ fún wa. Bí ẹ bá ní ẹ̀rí tiyín, ẹ fi í sùn, kódà bí ẹ bá mọ̀ dájú pé ẹlòmíràn ti ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀rí méjì láti ọwọ́ ẹni méjì tí kò mọ ara wọn ni ó máa ń jẹ́ kí a lè gbé ìgbésẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ kàn gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ni, ẹ sọ fún ẹni tí ó rí i pé kí ó wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fi ránṣẹ́ sí wa rárá, àní bí ẹ̀rí pàápàá, ìyẹn ni àwòrán ìbálòpọ̀ tí ó ní ọmọdé nínú. Ẹ má ya á, ẹ má tọ́jú rẹ̀, ẹ má fi í ṣọwọ́ sí ẹnikẹ́ni, nítorí pé ọ̀ràn ni títọ́jú rẹ̀ àti pípín in lọ́pọ̀ ibi, ohun yòówù kí ó wà lọ́kàn yín. Ẹ kọ ibi tí ó wà fún wa ní ọ̀rọ̀, kí ẹ sì fi tó àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ bẹ́ẹ̀ létí: Internet Watch Foundation ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba irú ìfisùn yìí láti ọdún 1996, CyberTipline ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1998. Bí ẹnìkan bá sì ń halẹ̀ pé òun yóò pa ara òun tàbí ẹlòmíràn, àwọn ọlọ́pàá tàbí àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Alábòójútó lè wà lójú oorun.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ẹjọ́ sùn, ẹ má máa béèrè ní wákàtí wákàtí pé kí ni a ti ṣe sí i. A lè ti yọ ẹni náà kúrò láìpariwo, a sì lè máa ṣọ́ ọ kí a lè rí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Nínú méjèèjì, a kò ní sọ fún yín. Bí ẹ bá rí ẹ̀rí tuntun, ẹ fi kún ìfisùn àkọ́kọ́, ẹ má ṣí òmíràn, nítorí pé alábòójútó tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ lè má jẹ́ èyí tí ó ka tàárọ̀.