Bí a Ṣe Ń Gbèrò Táìlì Ara Ògiri Ilé Ìdáná

Ẹ̀yìn sítóòfù àti ẹ̀yìn síǹkì ni táìlì ti wúlò jù lọ nínú ilé ìdáná, nítorí pé ibẹ̀ ni epo gbígbóná, ata àti omi máa ń ta sí, ọ̀dà kì í sì í pẹ́ bó níbẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kò gbọdọ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lórí ògiri yòókù.

Láti orí kántà sókè, sẹ̀ǹtímítà 60 tó fún ẹ̀yìn síǹkì. Lẹ́yìn sítóòfù, ẹ jẹ́ kí ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ata díndín a máa ta jìnnà. Bí ó bá jẹ́ igi ni ẹ fi ń dáná, ẹ fi ògiri ibẹ̀ sílẹ̀ ní sìmẹ́ǹtì lásán, torí ooru a máa mú táìlì sán.

Kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ wọn ògiri, kí ẹ sì yà á sórí ìwé. Ká ní ó gùn ní mítà 2.5, tí táìlì yín fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, tó sì gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tí ẹ sì fẹ́ lẹ̀ ẹ́ ní ìbú, ní ìlà méjì. Bí oníṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ láti igun kan, odindi mẹ́rin ni yóò wọ ìlà kan, yóò wá ku ẹ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ ní igun kejì, èyí tó ṣòro gé, tó sì máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ lójú. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi odindi mẹ́ta sí àárín, sẹ̀ǹtímítà 35 ni yóò kù lọ́tùn-ún àti lósì, ògiri yóò sì gún régé. Ìlà méjèèjì yóò gba táìlì 10. Ẹ ra 12 nítorí èyí tó lè fọ́, kí gbogbo rẹ̀ sì wá láti inú páálí tí nọ́ńbà ara wọn bára mu, torí àwọ̀ a máa yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Kí oníṣẹ́ iná mànàmáná ti gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì síbi tí yóò wà ṣáájú, kí ó má ṣe bọ́ sí òkè sítóòfù tàbí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi. Ògiri tí a ti kùn ní ọ̀dà, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣá a, kí sìmẹ́ǹtì lè dì í mú.

Ní ọjọ́ kejì tí oníṣẹ́ bá ti lẹ̀ ẹ́ tán, ẹ fi owó ẹyọ lu táìlì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún bí ohun tó ṣófo, sìmẹ́ǹtì kò kún ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n tú u kí wọ́n tó dí àlàfo àárín táìlì. Sìmẹ́ǹtì aláwọ̀ eérú ni kí ẹ fi dí àlàfo ẹ̀yìn sítóòfù, nítorí pé epo pupa kì í jẹ́ kí funfun pẹ́. Níbi tí táìlì ti pàdé kántà, sílíkọ́ọ̀nù, ìyẹn gọ́ọ̀mù tó máa ń rọ̀ bíi rọ́bà, ló yẹ, torí kántà a máa mira, sìmẹ́ǹtì yóò sì sán, omi yóò wá rí ọ̀nà wọ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù.