Kí ló dé tí wọ́n fi dá Chapter Three mi padà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Iṣẹ́ ìwádìí mi dá lórí àwọn tó ń hun aṣọ òfì ní Ìlọrin. Nínú Chapter Three, níbi tí mo ti ṣàlàyé bí mo ṣe ṣe ìwádìí náà, mo kọ ọ́ pé gbogbo ará Ìlọrin ni population mi, mo sì kọ iye wọn síbẹ̀. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi fi báírò pupa fa igi lé e, wọn ò ṣàlàyé.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, nínú ìròyìn, population ni iye èèyàn ìlú. Nínú iṣẹ́ ìwádìí, àwọn tí ìbéèrè rẹ kàn nìkan ni. Ẹni tó ń ta wàrà l'Ọ́jà Ọba kì í hun aṣọ, kò sí nínú tìrẹ. Kò tiẹ̀ pọn dandan kó jẹ́ èèyàn: bó bá jẹ́ aṣọ lò ń kà, aṣọ ni population rẹ. Kọ ọ́ pé: gbogbo ahunṣọ òfì tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ẹgbẹ́ wọn ní Ìlọrin lọ́dún yìí.

Ìbéèrè: Sample wá ńkọ́? Ilé méjì ládùúgbò wa ni mo lọ.

Ìdáhùn: Sample ni àwọn tó o mú nínú population láti ṣojú àwọn yòókù. Ká ní orúkọ 400 ló wà nínú ìwé ẹgbẹ́, tó o sì gba àṣìṣe 0.05 láàyè. Ìlànà Taro Yamane tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fẹ́ràn láti fi ṣírò iye sample yóò fún ọ ní 400 ÷ (1 + 400 × 0.05 × 0.05), ìyẹn 200. Àmọ́ iye ló sọ, kò sọ ẹni tó o máa mú. Bó o bá kó 200 tó sún mọ́ ilé yín, ó lè jẹ́ ọmọ agboolé kan náà ni gbogbo wọn. Kọ orúkọ 400 náà sí bébà kéékèèké, pò ó pọ̀, fa 200 yọ láìwò. Random nìyẹn. Bí kò bá ṣeé ṣe, tó o wá mú àwọn tó rọrùn fún ọ láti rí, convenience sampling lo ṣe. Jọ̀ọ́, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, má pè é ní random. Ó ń dùn mí bí mo bá rí i nínú iṣẹ́ ọmọ tó ṣe wàhálà gidi.

Ìbéèrè: Cronbach's alpha ìwé ìbéèrè mi jẹ́ 0.82, síbẹ̀ wọ́n ní mi ò tíì fi validity hàn.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wo kóńgò tí alágbàdo ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Fi wọn àgbàdo nígbà mẹ́wàá, iye kan náà ni yóò máa gbé. Reliability nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kóńgò pípé ló ń wọ̀n fún ọ, kò ní validity. Apá kan nínú reliability ni alpha ń wò: bóyá àwọn ìbéèrè rẹ fohùn ṣọ̀kan. Kò lè mọ̀ bóyá ohun tó o fẹ́ wọ̀n ni wọ́n ń wọ̀n. Gbé ìwé ìbéèrè rẹ lọ bá olùkọ́ méjì, kó o sì fi ahunṣọ àgbà kan kún wọn. Bó o bá ti kọ "owó oṣù" síbẹ̀, òun ni yóò sọ fún ọ pé ìgbà tí ìnáwó bá pọ̀ nílùú lowó ń wọlé, kì í ṣe ìparí oṣù.