Bí mo ṣe wọn iṣẹ́ Gretzky láti Kétu, àti ibi tí mégà mi gbà lọ

6,500 sẹ́fà ni mo ná sórí mégà íntánẹ́ẹ̀tì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nítorí bọ́ọ̀lù tí n kò tíì rí kí ẹnikẹ́ni gbá rí ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin. Kì í tiẹ̀ ṣe bọ́ọ̀lù. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan ni, tí àwọn èèyàn tó wọ bàtà onírin ń fi igi gbá kiri lórí yìnyín, tí wọ́n ń pè ní họ́kì. Mo ti rò pé ìrọ̀lẹ́ kan àti 500 sẹ́fà ni gbogbo rẹ̀ máa gbà.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Edmonton, ní Kánádà, ló fà á. Nínú oṣù Kejìlá, ó fi fọ́tò ara rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ère Wayne Gretzky, ògbóǹtarìgì agbá-họ́kì, yìnyín ti bo bàtà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní ọkùnrin yìí nìkan ni ẹgbẹ́ Edmonton Oilers nígbà tó fi wà níbẹ̀. Ó ní ní sáà 1987-88, góólù 363 ni ẹgbẹ́ náà jẹ, ọwọ́ Gretzky sì wà nínú 149. “Yọ ọ́ kúrò, 214 ló kù.” Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní CEG, ilé ẹ̀kọ́ girama, ẹnu mi ò gbé e. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kan ṣoṣo nínú ogún èèyàn? Ohun tí yóò fi kún un kò lè ju góólù 20 lọ.” A fi ẹtù méjì sórí ọ̀rọ̀ náà: ẹni tó bá pàdánù ni yóò rà á fún Màmá.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà kò le rárá. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ 1988 ni wọ́n ta Gretzky fún Los Angeles Kings. Ẹgbẹ́ kan pàdánù rẹ̀, ẹgbẹ́ kan rí i gbà, ọjọ́ kan náà. Èèyàn yóò wo góólù ẹgbẹ́ méjèèjì ní sáà tó ṣáájú àti sáà tó tẹ̀ lé e, yóò sì yọ ọ̀kan nínú èkejì. Ọmọ kíláàsì sixième, ọdún kìíní girama, lè ṣe é. Bí mo ṣe wá tábìlì àti bí mo ṣe dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà, n ò ní fi ìyẹn dá yín dúró.

Ìgbéraga ló kó bá mi. Mo ní kí n kọ́kọ́ fọ́ 149 tí ẹ̀gbọ́n fi ń halẹ̀ mọ́ mi yẹn sí wẹ́wẹ́. Mo ṣí tábìlì Edmonton. Níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan: GP, G, A, PTS. GP ni iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó gbá, G ni góólù. A ńkọ́? Ẹni tó ti ń pe rẹ́jísítà láti ọdún mọ́kànlá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò kí wọ́n sọ fún un: absent, ẹni tí kò wá. Gretzky, A: 109. Bẹ́ẹ̀, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 80 ni sáà náà ní! Báwo lèèyàn ṣe ń pa 109 jẹ nínú 80? Mo fi àwọn òyìnbó rẹ́rìn-ín, mo ní tábìlì wọn ti bàjẹ́. Mo wá òmíràn, 109. Mo wá ẹ̀kẹta, 109. Mégà ń lọ.

Ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní eré ìdárayá ló là mí lójú pé páàsì ni A. Ó dáa. Góólù 40 pẹ̀lú páàsì 109, póìntì 149 nìyẹn, PTS, ó bára mu. Mo wá ní kí n ro póìntì gbogbo wọn pọ̀. Gretzky 149, Mark Messier 111, Jari Kurri 96, Glenn Anderson 88. Èèyàn mẹ́rin péré, ó ti di 444, nígbà tí góólù gbogbo ẹgbẹ́ jẹ́ 363. Mo rò ó dé ìsàlẹ̀, ó lé ní 900. Nínú bọ́ọ̀lù tiwa, ẹni tó gbá a sáwọ̀n gba kan, ẹni tó fún un ní páàsì gba kan. 363 lọ́nà méjì jẹ́ 726, kò sì yẹ kó kọjá bẹ́ẹ̀. Ìyókù ti ibo wá?

Òru méjì ni mo fi jókòó tì í. Ní òru kìíní, orúkọ kọkàndínlógún ni mo dé tí iná lọ, n ò sì tíì fi iṣẹ́ pamọ́. Ní òru kejì mo pa kọ̀ǹpútà tì, mo mú bíírò àti ìwé, mo rò ó lẹ́ẹ̀mẹta, iye kan náà ló ń jáde. Ìyàwó mi béèrè bóyá owó èsúsú ni mo ń kà. Wọ́n máa ń sọ nílùú wa pé ilẹ̀kùn Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, kì í ṣí fún ọ̀tá. Ọ̀tá ni tábìlì yìí pè mí. Ìròpọ̀ lásán! Ohun tí mo ń torí rẹ̀ bá ọmọ ọlọ́mọ wí.

Mo gbà pé agbára mi pin, mo ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n. Wákàtí mẹ́jọ ni a fi ṣáájú wọn, oorun ló wà. Nígbà tó jí, ohùn tó fi ránṣẹ́, ẹ̀rín ló fi bẹ̀rẹ̀. “Àbúrò, o ò mọ̀ ni? Góólù kan, èèyàn méjì ni wọ́n lè kọ páàsì fún. Ẹni tó fún un, àti ẹni tó fún ẹni tó fún un.” Èèyàn mẹ́ta lórí góólù kan! Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó ní gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Gbogbo ayé wo? Kétu ò sí láyé ni?

Ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ẹnu ara òun ni òun fi tú iyàn òun ká. Bí èèyàn mẹ́ta bá lè pín góólù kan, a jẹ́ pé 149 yẹn kì í ṣe ti Gretzky nìkan. Góólù tí Kurri gbá wọlé láti ọwọ́ Gretzky wà lórúkọ Kurri náà. Bí Gretzky bá lọ, Kurri ṣì wà níbẹ̀, ẹlòmíràn á fún un ní páàsì.

Ìyókù kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Edmonton jẹ 363 ní 1987-88, ó jẹ 325 ní sáà tó tẹ̀ lé e: 38 ló dín. Los Angeles ti 318 bọ́ sí 376: 58 ló lé. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀ tí a pín in sí méjì, 48, bíi góólù mẹ́ta nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún. Mo dìde, mo rìn yí yàrá ká. Èmi, láti Kétu, tí n kò rí yìnyín rí àfi inú fíríìsà!

Ó ní àléébù o. Nínú pàṣípààrọ̀ náà, Edmonton gba Jimmy Carson, tó ti jẹ góólù 55 fún Los Angeles, ó sì jẹ 49 fún wọn, nítorí náà 38 yẹn kéré sí òótọ́. Gretzky fúnra rẹ̀, 64 nínú 80 ló gbá ní sáà ìkẹyìn rẹ̀ ní Edmonton. Lára 363 yẹn wọlé nígbà tí kò sí lórí pápá. Ẹ tún wo Bernie Nicholls ní Los Angeles, tó ti góólù 32 fò dé 70 lọ́dún tí Gretzky dé. Lóòótọ́ ó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ púpọ̀ sí i lọ́dún yẹn, síbẹ̀ èmi rò pé ọwọ́ Gretzky ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí gbogbo ojú bá wà lára ẹnì kan, ẹnì kejì a ráyè.

Ká ní mo máa tún un ṣe, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo máa tò, 64 lápá kan, 16 lápá kejì, kí n tó dé ọ̀rọ̀ Los Angeles rárá. N ò sì ní fọwọ́ kan àmì +/- tó wà nínú tábìlì, èyí tó ń yọ góólù tí wọ́n gbá wọlé ẹgbẹ́ kúrò nínú èyí tí ẹgbẹ́ jẹ nígbà tí ẹni náà wà lórí yìnyín. Góólù tí ẹgbẹ́ bá jẹ nígbà tí wọ́n lé ẹnì kan jáde lápá kejì kì í mú un gòkè, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni àwọn ìràwọ̀ ti ń jẹ góólù. Àti pé kí n tó ra mégà kankan, màá kọ́kọ́ béèrè ohun tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún.

Ẹ̀gbọ́n ní òun ló jàre, nítorí 48 ju 20 lọ. Mo ní 48 sún mọ́ 20 ju 149 lọ. Màmá ti lọ bá obìnrin tó ń ta ẹtù lọ́jà sọ̀rọ̀, ó ní ẹni tó bá wù kó san án. Mo kọ 6,500 sẹ́fà mégà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n, pé kó ràn mí lọ́wọ́ lórí ìyẹn ná. Àmì búlúù méjì ti yọ, ọjọ́ kẹrin rèé, kò tíì fèsì.