Àṣìṣe tí a máa ń ṣe tí a bá fẹ́ fi ohun tí wọ́n wú nílẹ̀ gbe Bíbélì lẹ́sẹ̀

Màmá kan ní ìjọ wa tún fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: wọ́n ní wọ́n ti rí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ogun Fáráò nísàlẹ̀ Òkun Pupa. Ọdọọdún ló ń padà wá bí ọyẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pín in mọ́. Ron Wyatt, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà tó kú ní 1999, ló tan ìròyìn náà kálẹ̀, kò sì mú ohunkóhun wá tí àwọn awalẹ̀pìtàn yẹ̀ wò tí wọ́n sì gbà. Òun yìí kan náà ló ní òun rí ọkọ̀ Nóà, tó tún ní òun rí Àpótí Májẹ̀mú. Ẹnì kan ṣoṣo! Ẹni tó bá ní gbogbo ẹja odò ló wà nínú àwọ̀n òun, ẹ ní kó fa àwọ̀n náà sókè ká rí i.

Àwọn tó ń fi irú màmá yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ náà ní àṣìṣe tiwọn. Wọ́n á ní, “Wọn ò rí i nílẹ̀, a jẹ́ pé kò sí.” Ẹ rọra o. Títí di 1961, wọn ò tíì rí òkúta kankan tó dárúkọ Pọ́ńtíù Pílátù. Ọdún yẹn ni àwọn ará Ítálì tó ń walẹ̀ ní Kesaríà, létí òkun Ísírẹ́lì, rí òkúta kan tí wọ́n ti sọ di àtẹ̀gùn nínú ilé ìṣeré àtijọ́. Orúkọ Pílátù àti oyè rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ti Dáfídì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1993, ní Tẹli Dánì, ní àríwá Ísírẹ́lì, wọ́n rí àfọ́kù òkúta dúdú kan tí wọ́n ti fi mọ ògiri. Ọba ọ̀tá kan ló kọ ọ́ lédè Árámáíkì ní ọ̀rúndún kẹsàn-án ṣáájú ìbí Kristi, ó ń fi ogun tó jà yangàn, ó sì dárúkọ “Ilé Dáfídì.”

Ṣùgbọ́n ẹ má di ẹrù tí òkúta ò lè gbé lé e lórí. Ohun tí ti Tẹli Dánì sọ ni pé ìdílé ọba kan wà tí wọ́n ń fi orúkọ Dáfídì pè. Kò sọ̀rọ̀ Gòláyátì, kò sọ̀rọ̀ Bátíṣébà, kò sì sọ bí ilẹ̀ tí Dáfídì jọba lé lórí ṣe fẹ̀ tó.

Gòláyátì tí mo dárúkọ yìí rán mi létí àwọn tó ń sọ pé àwọn Fílístínì inú Bíbélì ni àwọn ará Palẹstíńì òde òní. Rárá o. Nebukadinésárì ọba Bábílónì pa Áṣíkélónì, ìlú àwọn Fílístínì, run ní 604 ṣáájú ìbí Kristi, láìpẹ́ sí ìgbà náà ni àwọn Fílístínì pòórá nínú ìtàn. Orúkọ ló kù tí àwọn Gíríìkì àti àwọn ará Róòmù ń lò fún ilẹ̀ náà.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni kí èèyàn gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá. Ẹ ka Àwọn Ọba Kejì orí 18 àti 19: Sennakéríbù ọba Asíríà gbógun ti Hesekáyà ọba Júdà, áńgẹ́lì pa 185,000 nínú ọmọ ogun rẹ̀, Sennakéríbù sì padà sílé. Sennakéríbù náà ní kí wọ́n kọ tirẹ̀ sára amọ̀. Ó ní òun gba ìlú olódi 46 ní Júdà, òun sì há Hesekáyà mọ́ Jerúsálẹ́mù bí ẹyẹ inú àgò. Bíbélì ní Hesekáyà san 30 tálẹ́ńtì wúrà. Sennakéríbù náà pe 30. Fàdákà ni wọn ò fẹnu kò lé lórí: Bíbélì ní 300, ọba Asíríà ní 800. Ẹ wá wo ohun tí kò sọ: kò sọ pé òun wọ Jerúsálẹ́mù. Bẹ́ẹ̀ nígbà tó gba Lákíṣì, ìlú Júdà kan, ńṣe ló ya ogun náà káàkiri ògiri ààfin rẹ̀ ní Nínéfè. Àwọn àwòrán náà wà ní British Museum. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọ ibẹ̀.

Nílé wa ńkọ́? Ní Òkè-Ẹrí, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ibojì Bilikisu Súngbọ́ wà, ọ̀pọ̀ sì gbà pé òun ni ayaba Ṣébà tó lọ kí Sólómọ́nì. Wọ́n so yàrà ńlá tí à ń pè ní Erédò mọ́ ọn: nǹkan bíi kìlómítà 160 ni, láwọn ibì kan ó tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì rẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣírò ọdún. Ayé Sólómọ́nì ti tó 3,000 ọdún sẹ́yìn. Nínú ọjọ́ orí tí àwọn awalẹ̀pìtàn fún Erédò, èyí tó lọ sẹ́yìn jù kò ju bí 1,200 ọdún lọ. Ìlú Sábà ní Yemen, níbi tí tùràrí ti ń wá, ni àwọn onímọ̀ tọ́ka sí pé ó jẹ́ Ṣébà, ràkúnmí ni Bíbélì sì ní ayaba náà kó wá. Ràkúnmí, nínú igbó Ìjẹ̀bú? Orúkọ Bilikisu gan-an kò sí nínú Bíbélì, kò sí nínú Kùránì. Ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí tó ń ṣàlàyé Kùránì ló ti wá.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ lágbègbè náà ní opó olówó kan tí kò bímọ ni Súngbọ́, ó sì ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà náà fún ìrántí òun. Mi ò rí ibi tí ìtàn yìí ti nílò Sólómọ́nì. Tí ẹ bá dé Òkè-Ẹrí, ẹ má wo ibojì nìkan kẹ́ ẹ padà. Ẹ ní kí wọ́n mú yín dé ìsàlẹ̀ yàrà, kẹ́ ẹ gbójú sókè wo ohun tí àwọn ará Ìjẹ̀bú fọwọ́ gbẹ́.