Làádà Tí Wọ́n Gbà Padà Lọ́wọ́ Mi: Ìrírí Mi Nídìí Affiliate Marketing

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Owó tí mo ti rí lójú dashboard, ìyẹn ojú ìwé tí mo ti ń wo làádà mi, tí orúkọ ọjà, ọjọ́ tí wọ́n rà á àti iye tó kàn mí wà níbẹ̀ kedere, ni iléeṣẹ́ kan tí mo ń bá júwe ọjà wọn fa ìlà pupa sí, wọ́n sì gbà á padà. Kì í ṣe ọjà kan, kì í ṣe méjì. Oṣù tí ọjà tà jù lọ látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe é sí. Kò sẹ́ni tó dá ọjà padà, kò sẹ́ni tó ní òun ò rà mọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀: ẹlòmíì la ka ọjà yìí sí. Ẹlòmíì wo? Ta ló tún bá mi kọ ọ̀rọ̀ tí mo kọ?

Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe tọpa rẹ̀, torí àwọn tó ń tajà kọ́ọ̀sì lórí iṣẹ́ yìí kì í débẹ̀ rárá. Ohun tí wọ́n ń sọ ò ju pé kéèyàn fi líǹkì síta, kó sùn, kó sì jí bá owó. Mo sì tún fẹ́ sọ ìdí tí mi ò fi pa ìkànnì mi rẹ́ lọ́jọ́ tí mo rí ìlà pupa yẹn.

Fún ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ rí: ẹ ó júwe ọjà ọlọ́jà fáwọn èèyàn, ẹ ó fún wọn ní líǹkì tí àmì tiyín wà lára rẹ̀, ẹni tó bá sì gba ibẹ̀ lọ ra nǹkan, ilé ìtajà á yọ làádà fún yín. Láti 1996 ni Amazon ti ń ṣe é, àìmọye ilé ìtajà ló sì tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe ń ra orúkọ ìkànnì, bí wọ́n ṣe ń gbé WordPress sórí ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń forúkọ sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká fo gbogbo ìyẹn. Fídíò rẹ̀ kún ìta.

Maṣíìnì ìránṣọ ni ìkànnì mi dá lé, àwọn tó ń kọ́ ìránṣọ fúnra wọn nílé ni mo sì ń kọ ọ́ fún. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó pa iṣẹ́ náà tì, kì í ṣe pé wọn ò lọ́pọlọ rẹ̀. Maṣíìnì ló lé wọn. Àwọn kan ra èyí tí kò lè ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Àwọn míì ra èyí tó dáa, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kékeré kan báyìí fún wọn. Èyí ló ń dùn mí. Kí n tó ra orúkọ ìkànnì rárá ni mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé mi ò ní júwe maṣíìnì tí mi ò bá tíì fi ọwọ́ ara mi ránṣọ lórí ẹ̀, láìka bí làádà rẹ̀ ṣe lè pọ̀ tó.

Àpilẹ̀kọ mi tó kọ́kọ́ rìn jìnnà kò ní ọjà kankan nínú. Òwú tó máa ń dì rúgúdú sábẹ́ aṣọ ló dá lé. Gbogbo ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí ló ń dá bọ́bìnì, ìyẹn ibi tí òwú ìsàlẹ̀ ń wà, lẹ́bi, torí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Wọ́n á tú u, wọ́n á yí skúrúù rẹ̀, wọ́n á sì tún bà á jẹ́ sí i. Bẹ́ẹ̀, òwú òkè ló sábà máa ń fa wàhálà náà. Tí ẹsẹ̀ irin tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ń ki òwú bọ maṣíìnì, àwọn àwo kékeré inú tẹ́ńṣọ̀n, ìyẹn ibi tó ń fún òwú mọ́, ti fẹnu kò nìyẹn. Òwú á gba orí wọn kọjá ni, kò ní wọ àárín wọn. Kò wá sí ohun tó dì í mú mọ́, gbogbo rẹ̀ á sì máa tú lọ sísàlẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sókè, ẹ fa òwú yọ, ẹ tún un kì lákọ̀tun. Ó parí. Mo ya fọ́tò ibẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, mo lo òwú pupa kó lè hàn, mo sì ń tún un yà títí àwo méjèèjì fi yọ kedere. Mo fi fọ́tò yẹn yangàn títí dòní.

Obìnrin kan kọ ímeèlì sí mi lẹ́yìn tó kà á, ó ní òun ti di maṣíìnì òun sínú páálí, òun fẹ́ gbé e sọnù. Kò ra nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, owó kankan ò sì ti ibẹ̀ wọlé fún mi. Àmọ́ ó bi mí ní ìbéèrè kan: abẹ́rẹ́ wo lòun á lò fún jíǹsì, torí abẹ́rẹ́ ń kán mọ́ òun lọ́wọ́? Ìbéèrè yẹn di àpilẹ̀kọ kejì: abẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ 80/12 sí fún aṣọ tí kò nípọn, 90/14 fún èyí tó nípọn díẹ̀, 100/16 fún jíǹsì. Láti ibẹ̀ làwọn míì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé maṣíìnì wo ló lè rán jíǹsì tí wọ́n ká po ní ìlọ́po mẹ́rin láìkọsẹ̀. Èmi ò jókòó wá ọjà tí làádà rẹ̀ pọ̀ kí n tó wá ohun tí mo máa sọ nípa rẹ̀. Ìbéèrè àwọn èèyàn ló mú mi dé ìdí ọjà.

Ó pẹ́ kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Ó pẹ́ gan-an. Google kì í tètè gbé ìkànnì tuntun síwájú èèyàn, àwọn oṣù kan sì wà tí òǹkàwé mi ò tó nǹkan rárá. Àwọn tá a jọ bẹ̀rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ lọ nígbà yẹn. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, mo sì ń kọ lọ. Lókè gbogbo àpilẹ̀kọ tí líǹkì bá wà nínú ẹ̀, mo sọ ọ́ gbangba pé mo máa gba làádà tẹ́ ẹ bá ra nǹkan. FTC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, sọ ọ́ di dandan, ṣùgbọ́n ká ní kò tiẹ̀ sí òfin kankan, mo ṣì máa kọ ọ́ síbẹ̀. Mo tún fi àmì sponsored tí Google gbé jáde ní 2019, èyí tó ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé owó wà nídìí líǹkì, sára àwọn líǹkì náà.

Ìgbà tí ọjà wá ń tà ni ìlà pupa dé.

Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ilé ìtajà, tí ẹnì kan bá gba líǹkì yín ra nǹkan, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé pending, ó ń dúró. Á dúró títí àkókò tí oníbàárà lè dá ọjà padà fi máa kọjá, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Mo mọ̀ pé díẹ̀ á já. Ohun tó já ju ìdajì lọ. Mo kọ̀wé sí wọn, èsì tó wá sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ de gbogbo èèyàn: ẹ lọ ka àdéhùn. Mo kà á. Mo tún kọ̀wé, mo ní kí wọ́n sọ ẹni tí wọ́n ka ọjà mi sí fún mi. Èsì kan náà ni, orúkọ ẹlòmíì ni wọ́n kàn fi sísàlẹ̀ rẹ̀. Mo dúró. Mo tún kọ. Wọn ò dáhùn rárá lọ́tẹ̀ yẹn.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí fúnra mi. Mo fi sub-ID sára líǹkì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àmì kékeré tó ń sọ àpilẹ̀kọ tí wọ́n ti tẹ líǹkì náà àti ibi tó wà nínú rẹ̀, bóyá lókè ni tàbí nísàlẹ̀. Ká ní mo mọ̀ ni, ọjọ́ kìíní ni mi ò bá ti fi í sí i. Ó hàn pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọjà tí wọ́n fa ìlà sí ló wá látinú àpilẹ̀kọ jíǹsì, èyí tó gùn jù, tí mo ṣiṣẹ́ lé lórí jù. Àwọn èèyàn ń kà á dé ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó tẹ líǹkì. Kì í ṣe èèṣì ni wọ́n fi débẹ̀.

Lẹ́yìn náà, mo ṣí browser tí kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀, mo sì rin ọ̀nà tí oníbàárà máa ń rìn. Mi ò débi pé mo sanwó o. Ọ̀pọ̀ àdéhùn ló ní èèyàn ò gbọdọ̀ ra ọjà látorí líǹkì ara rẹ̀. Mo tẹ líǹkì mi. Àmì mi wà ní ìdí àdírẹ́sì lókè. Mo ṣí ibi tí browser ti ń fi cookie hàn, ìyẹn àkọsílẹ̀ kékeré tí ìkànnì máa ń fi pa mọ́ sínú browser èèyàn: ilé ìtajà náà ní cookie tirẹ̀ tó ń kọ ẹni tó mú oníbàárà wá sílẹ̀, orúkọ iléeṣẹ́ alárinà tí mo forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, èyí tó wà láàárín èmi àti ilé ìtajà, ló sì wà níbẹ̀. Mo gbé maṣíìnì sínú apẹ̀rẹ̀ ọjà, mo dé ibi ìsanwó, mo tún wò ó. Kò yí padà.

Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe, àmọ́ mo kọ́kọ́ fi ọ̀kan sí i lára àwọn extension, ìyẹn ètò kékeré téèyàn ń fi kún browser, tó ń bá èèyàn wá kúpọ́ọ̀nù ẹ̀dínwó. Bí mo ṣe dé ibi ìsanwó, ó yọ sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́: tẹ ibí, màá bá ọ wá ẹ̀dínwó. Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú ìwé kan ṣí fìrí, ó sì ti pa dé kí n tó ráyè kà á. Ó ní òun ò rí ẹ̀dínwó kankan. Mo padà sídìí cookie. Ti alárinà mi ti kúrò, alárinà míì, èyí tí extension náà ń lò, ló wà níbẹ̀. Kò dín owó kù fún oníbàárà, kò sọ ọ̀rọ̀ kan nípa maṣíìnì, àmọ́ òun ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Last click ni ilé ìtajà náà ń lò: ẹni tí oníbàárà tẹ líǹkì rẹ̀ kẹ́yìn ló ni gbogbo làádà. Nítorí pé alárinà méjì ló wà, ọjà kan náà hàn lójú dashboard méjì, ìgbà tí ilé ìtajà wá ṣírò ni wọ́n yọ tèmi kúrò. Inú bí mi débi pé mo dìde nídìí kọ̀ǹpútà. Mo tún jókòó, mo ya àwòrán gbogbo rẹ̀, ṣáájú àti lẹ́yìn, mo sì fi ránṣẹ́.

Ìgbà yẹn ni èèyàn gidi tó dá mi lóhùn. Ó ní bí ètò àwọn ṣe rí nìyẹn, àwọn ò ní yí i padà. Mo ní ó dáa, ẹ yẹ àwọn tí kò lo kúpọ́ọ̀nù kankan wò fún mi. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn kan sì wà lóòótọ́ tí wọ́n yọ láìsí ìdí, wọ́n dá ìwọ̀nyẹn padà. Mo jàre wọn, inú mi sì dùn sí i. Àmọ́ ohun tó kù sílẹ̀ lápapọ̀ ò wá tó iye tó kéré jù tí wọ́n máa ń san. Owó tí mo jà fún tí mo gbà padà wà níbẹ̀, mi ò lè fọwọ́ kàn án títí ọjà míì á fi tà.

Tí mo bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ níbikíbi báyìí, ohun mẹ́rin ni mo kọ́kọ́ ń bi wọ́n kí n tó wo iye làádà wọn: ta ni wọ́n máa ń ka ọjà sí, báwo ni pending ṣe máa pẹ́ tó, èló ló kéré jù tí wọ́n ń san, àti pé ṣé extension kúpọ́ọ̀nù lè gba iṣẹ́ ẹni tó kọ̀wé mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn ilé ìtajà kan wà tó ń dáàbò bo òǹkọ̀wé lórí èyí tó kẹ́yìn yìí. Àwọn ni mò ń wá. Ẹ wo iye àkókò tí cookie ń lò pẹ̀lú. Ti Amazon, wákàtí 24 ni, wọ́n sì ń retí kí ẹni tuntun mú ọjà 3 tà láàárín ọjọ́ 180, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á ti àkántì rẹ̀ pa. Safari, browser tó wà lórí fóònù Apple, sì ti ń gé ọjọ́ orí irú cookie bẹ́ẹ̀ kúrú láti 2017, nítorí náà ẹni tó fi fóònù kà yín lónìí tó wá rà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lè má hàn lójú dashboard yín rárá. Ẹni tó bá jẹ́ pé iye ojú dashboard nìkan ló gbé e dé ìdí iṣẹ́ yìí, mi ò mọ ohun tó máa dì í mú lọ́jọ́ tí wọ́n bá fa ìlà pupa sí tiẹ̀. Èmi ṣì ní ìbéèrè tí mi ò tíì dáhùn nínú ímeèlì mi lọ́jọ́ yẹn, mo sì dáhùn wọn.

Mo ti yọ líǹkì iléeṣẹ́ náà kúrò nínú gbogbo àpilẹ̀kọ mi. Àmọ́ maṣíìnì wọn tí mo júwe fún jíǹsì dára, mo ti ránṣọ lórí ẹ̀, mi ò sì tíì rí òmíràn ní ìpele rẹ̀ tó ń gun ojú rírán tó nípọn láìfo. Ìdí nìyẹn tó ṣì fi wà ní ipò kìíní nínú àpilẹ̀kọ yẹn, pẹ̀lú líǹkì lásán tí kò ní àmì mi lára.